Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Àwọn Obìnrin Èkó

Ní ọdún 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì kan ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Diego, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní h-index. Bí olùwádìí bá ní àpilẹ̀kọ 20 tí àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tọ́ka sí ó kéré tán nígbà 20 lọ́kọ̀ọ̀kan, 20 ni h-index rẹ̀. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga rí, mo mọ bí nọ́ńbà yìí ṣe lágbára tó. N kò bú u. Ó sàn ju ojúsàájú lọ, ẹni tí kò bá sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò fún un? Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ló ń tọ́ka sí ọ̀mọ̀wé. Òṣùwọ̀n yìí kò lè sọ fún wa bóyá ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà Tejúoṣó gbọ́ ohun tí olùwádìí rí.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Rose Anorlu fi máa ń wá sí mi lọ́kàn. Oníṣègùn àwọn obìnrin ni wọ́n, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ sì ni wọ́n ti ń wádìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 2000, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nínú Nigerian Postgraduate Medical Journal. Àwọn obìnrin tó wá gba ìtọ́jú ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé kan ní Èkó ni wọ́n bi léèrè: ǹjẹ́ wọ́n mọ̀ nípa àrùn yìí, àti pé àyẹ̀wò wà fún un? Àwọn tó mọ̀ kò tó nǹkan.

Jẹjẹrẹ yìí kì í yára. Fáírọ́ọ̀sì HPV, tí à ń kó nípa ìbálòpọ̀, ló ń fà á. Láti ìgbà tó bá wọ ara títí jẹjẹrẹ yóò fi yọ, ó sábà máa ń lé ní ọdún mẹ́wàá. Ní gbogbo àkókò yẹn, àyẹ̀wò lè rí i. Èyí tó rọrùn jù ni kí nọ́ọ̀sì fi òwú tí wọ́n rẹ sínú omi kíkan bíi fínígà pa ẹnu ilé ọmọ. Ibi tó bá ti ń bàjẹ́ yóò funfun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Àrùn tó fún wa láyè tó báyìí, kí ló dé tó fi ń pa wá? Obìnrin tí kò mọ̀ pé àyẹ̀wò wà yóò jókòó sílé ní Mushin títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa dà, ilé ìwòsàn ńlá kò sì jìnnà sí i.

Ní ọdún 2008, Ọ̀jọ̀gbọ́n Anorlu kọ àpilẹ̀kọ mìíràn sínú Reproductive Health Matters, lórí àrùn náà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Èyí ni àwọn ọ̀mọ̀wé tọ́ka sí káàkiri ayé. Ọdún yẹn náà ni Harald zur Hausen, ará Jámánì tó fi hàn pé HPV ló ń fa àrùn yìí, gba ẹ̀bùn Nobel. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ti wà láti 2006. Síbẹ̀, oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà. Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Ó dùn mí. Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà sì dé, àwọn ìyá kan kọ̀ ọ́, nítorí àhesọ tó ń lọ nígboro pé kò ní jẹ́ kí ọmọ bímọ lọ́la. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ti dé etí wọn kí òótọ́ tó dé.

Nítorí náà, bí h-index bá gbé ìwé 2008 ga, èyí ti ọdún 2000 lèmi gbé ga. Ọ̀dọ̀ obìnrin fúnra rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga wa: ẹ ka ọ̀rọ̀ tí olùwádìí bá bá ará ìlú sọ lédè Yorùbá, lórí rédíò tàbí lọ́jà, mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní máàkì. Ẹ̀yin ìyá, ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ẹ mú un lọ sí ilé ìlera tó wà nítòsí yín. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ béèrè àyẹ̀wò. Abẹ́rẹ́ ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀fẹ́ sì ni.