Ṣé Torí Ọjà Nìkan Ni A Ṣe Ń Hun Aṣọ?

  Wọ́n ní kí èmi náà kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n kọ nípa owó ilé-ìwé tàbí nípa ìṣòro ilé gbígbé, nítorí pé ohun tó ń dùn wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìyẹn nínú wa? Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo mú wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ayọ̀ ẹni tí tẹ́tẹ́ jẹ fún, kì í sì í ṣe ti ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí. Ayọ̀ kékeré kan tí kò ná mi ní kọ́bọ̀, tí ó sì gbà mí lọ́wọ́ ìbànújẹ́ ní ọdún 2022, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì dàgbà sí. Nígbà tí orúkọ mi jáde pé Lọ́kọ́jà ni mo ti rí ilé-ìwé wọ̀, ẹkún ni mo sun. Ibi tí ọkọ̀ Àbújá ti ń dúró kí èrò ra ẹja ni mo mọ ìlú yìí sí. Mo dé, mo bá ooru. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: Òkè Patti wà lẹ́yìn, odò wà níwájú, ooru sì há sí àárín. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Adankolo ni mo ń gbé. Kí n tó mojú ọgbà tán, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún náà. A rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Ó di oṣù mẹ́jọ.

Bàbá mi ní kí n máa bọ̀ nílé. N kò lọ. Ojú ń tì mí láti padà sí àdúgbò wa lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìlù àti ijó sìn mí jáde. Mo ń bá Àǹtí mi tajà ní ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀, nígbà tó bá di ọ̀sán, n óò dùbúlẹ̀, n óò máa wo fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń kọ́ irun dídì, òmíràn ti ń ta bàtà, ẹnì kan ti rí ìwé ìrìnnà gbà. Lójú mi, gbogbo ayé ló ń lọ síwájú, èmi nìkan ni mo dúró. Ó dé ibi tí n kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ mọ́, nítorí n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ojúmọ́ ṣe.

Màmá àgbàlagbà kan ń gbé ní ilé kejì sí tiwa. Ọmọ Bùnú ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkó, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ọmọ ìyá wa ni àwọn Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ tí a ń pè ní Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí yìí. Ìkíni wọn ló di orúkọ wọn. "Okun o!" ni Màmá kọ́kọ́ kí mi. Mo dúró, n kò mọ ohun tí n óò fi dáhùn. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Okun, agbára ni, ọmọ mi. Mo ní kí o ní agbára." Agbára gan-an ni n kò sì ní lọ́jọ́ náà.

Àkàrà ni Màmá ń dín ní òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a jókòó ti òfì kan tí wọ́n gbé ti ògiri ẹ̀yìn ilé. Kì í ṣe irú òfì tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn fi ń hun aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́. Tobìnrin ni: igi méjì dúró lóòró, méjì dábùú wọn, wọ́n wá ta òwú yí igi àdábùú méjèèjì po láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń hun ún á jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á máa ti òwú gba àárín òwú, á sì máa fi pátákó pẹlẹbẹ kan tó rí bí idà lù ú kí ó lè kì. Pà! Pà! Pà! Ìró yẹn ló mú mi yọjú.

Mo bi wọ́n pé, "Màmá, èló ni ẹ ó ta èyí bí ẹ bá hun ún tán?"

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò tíì rí nǹkan kan láyé. Wọ́n ní, "Ta ni yóò rà á? Ṣé o kò rí i pé áńkárà ti kún ọjà ni? Ṣé torí ọjà nìkan ni a ṣe ń hun aṣọ?"

Mo ní, "Kí wá ni ẹ fẹ́ fi ṣe, mà?"

Wọ́n ní, "Òwúrọ̀ ni mo fi ń dín àkàrà fún àwọn ènìyàn. Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Nínú gbogbo wákàtí mẹ́rìnlélógún tí mo ní, èwo ló jẹ́ tèmi? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Màmá ní ìrọ̀lẹ́. Òwú ni mo kọ́kọ́ ń ká. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n jẹ́ kí n jókòó síwájú òfì. Mo hun ún, ó wọ́, etí aṣọ sún wọnú bí ìdí agbọ́n. Wọ́n ní kí n tú u. Mo tú u. Mo tún un hun, mo tún un tú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo hun ìwọ̀n ìka mẹ́rin tí kò wọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo dìde, mo jó! Ìka mẹ́rin péré ni o. Àwọn olùkọ́ kò tíì wọṣẹ́, owó kò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n fún bí wákàtí kan ààbọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò rántí pé ayé ń fi nǹkan kan dù mí.

Iṣẹ́ aṣọ kì í ṣe ohun kékeré ní Bùnú. Aṣọ pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn ẹni ńlá. Obìnrin òyìnbó kan, Elisha Renne, kọ odidi ìwé lórí aṣọ àwọn ará Bùnú. Ìwé náà jáde ní 1995, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ sì ni "Aṣọ Tí Kì Í Kú." Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n ní, "Ó ṣeun. Ṣé ó mọ̀ ọ́n hun?"

Bí ọwọ́ mi ti ń mọ iṣẹ́ ni ojú mi ń là sí ohun tí mo ti ń gbójú fò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé atẹ́gùn máa ń ti orí odò wá nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀. Mo gun Òkè Patti fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wo odò Ọya àti odò Bẹ́núé bí wọ́n ti pàdé, tí àwọ̀ wọn kò tíì dàpọ̀, bí ẹni méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ mi lóòjọ́ sínú rẹ̀. Ìlà kan ni, n kì í kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ọmọ Àǹtí mi ní òṣùpá ń tẹ̀lé òun bọ̀ wálé." "Màmá fún mi ní àkàrà tó kẹ́yìn nínú epo, ó ṣì gbóná." "Òjò rọ̀, gbogbo àdúgbò sun oorun ọ̀sán." Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn, wọ́n ń di ewì. Èmi tí n kò kọ ewì rí!

Ẹ má rò pé ìtàn náà parí síbẹ̀. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Òjò pọ̀ lọ́dún náà, wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti inú ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù, ó ń ṣàn bọ̀ nínú Bẹ́núé. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ọ̀nà Àbújá ní ìhà Kotonkarfe ti di odò, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn ń wọ̀ lórí títì ọlọ́dà. Òru ni omi wọ ilé tiwa. A gbé ìwọ̀nba tí ọwọ́ wa tó, a sá gòkè lọ sọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ Àǹtí mi kan, àwa àti Màmá. Ìwé ilé-ìwé mi rì. Aṣọ mi rì. Ìwé kékeré mi, tí ìlà inú rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún, rì pẹ̀lú. Òfì Màmá ńkọ́, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ti hun dé ìdajì lára rẹ̀? Inú omi ni a fi í sílẹ̀ sí.

Ẹkún tí mo sun nítorí ìwé kékeré yẹn ju èyí tí mo sun nítorí àwọn aṣọ mi lọ. Màmá jẹ́ kí n sun ún tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ti 2012 gbé òfì mi lọ pátápátá. Ta ló hun aṣọ tó bá a lọ? Ọwọ́ yìí kọ́? Ọwọ́ náà rèé." Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí omijé lójú wọn.

Nígbà tí omi fà, a padà. Òfì náà kò lọ, ẹrẹ̀ ló bò ó. Màmá kọ́kọ́ wá bí wọn yóò ti tún dáná àkàrà, nítorí pé inú kì í gbọ́ àwáwí. Lẹ́yìn náà, a fọ igi òfì, a sá a sí oòrùn, a fi ọṣẹ fọ aṣọ tó wà lára rẹ̀ títí apá fi ń ro wá. Ẹrẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò lọ. Mo rò pé Màmá yóò gé e dànù. Wọn kò gé e. Ibi tí wọ́n dé ni wọ́n ti ń bá a lọ, wọ́n ń fi òwú funfun tuntun hun ún. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ kò ní tú tàtijọ́ yẹn?" Wọ́n ní, "Tìtorí kí ni? Ó ṣẹlẹ̀ àbí kò ṣẹlẹ̀?"

Àwọn olùkọ́ wọṣẹ́ padà láàárín oṣù kẹwàá kan náà. A wọlé, wọ́n kọ́ wa nípa Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Mo ti mọ̀ pé ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ó wà nínú ìrìnàjò ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tó gba odò Ọya wá sí ìpàdé odò wa níbí ní 1841, nígbà tí ibà ń pa àwọn òyìnbó bí ẹní ń já ewé. Ní 1843, ìwé rẹ̀ tó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ jáde. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú sí i ní 1852. Kò dúró, ó ń kó ọ̀rọ̀ àti òwe jọ lọ. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tó ti fi nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ṣa jọ jóná pẹ̀lú rẹ̀. Bí olùkọ́ wa ti sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ìwé kékeré mi tó rì. Ẹni tí iná jó iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá rẹ̀ kò ká ọwọ́ rọ. Ó tún ń bá ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá lọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni mo ra ìwé kékeré mìíràn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa ìwé rẹ̀ tì o. Ìwé ló gbé wa wá síbí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ti so ayọ̀ rẹ̀ mọ́ ọjọ́ iwájú bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Bí mo bá jáde. Bí mo bá sìnlú tán. Bí mo bá ríṣẹ́. Bí mo bá rí ìwé ìrìnnà. Kí ọjọ́ náà tó dé, oòrùn Lọ́kọ́jà ti là, ó ti wọ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, a kò rí i. Bí àwọn olùkọ́ bá sì daṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Bí omi bá sì wọlé? Ẹni tí ayọ̀ rẹ̀ wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣàìsunkún, ṣùgbọ́n yóò rí ibi tí yóò ti tún bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, wá nǹkan kékeré kan tí o kò ní tà. Bí o bá mọ ìlù, lù ú. Bí o bá mọ àwòrán, yà á. Bí ó bá jẹ́ ọbẹ̀ ni, sè é kí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Bí kò bá sí ohun tí o mọ̀, ra ìwé kékeré kan, kí o kọ ìlà kan sínú rẹ̀ lálẹ́ òní. Má fi han olùkọ́, kò ní máàkì. Fún àwọn ènìyàn ní òwúrọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n kí ìrọ̀lẹ́ jẹ́ tìrẹ.

Aṣọ tí mo sọ yìí ni mo tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Màmá fún mi nígbà tí mo wọ ìpele kejì, wọ́n ní ìka mẹ́rin inú rẹ̀ jẹ́ tèmi. Apá kan rẹ̀ pọ́n bí omi odò Ọya, apá kejì funfun. Bí ẹ bá yà sí yàrá mi, n óò fi ibi tí omi dé hàn yín.

Okun o!