Thunder Balógun, Ẹni Tó Kọ́kọ́ Débẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Kétu àti Ìkòsí lónìí lè má mọ̀ pé nígbà èwe wa, ẹni tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù gidi gbọ́dọ̀ lọ sí erékùṣù Èkó, sí pápá Oníkan. Oko àti igbó ló pọ̀ jù níhìn-ín nígbà náà. Àwọn iléeṣẹ́ ló ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù: Railway, Marine, UAC, Pan Bank. Ọkùnrin tó fi àárọ̀ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń fi ìrọ̀lẹ́ wọ ṣòkòtò péńpé, tí èrò á sì máa pariwo orúkọ rẹ̀.

Orúkọ tí a pariwo jù ni ti Teslim Balógun. Nítorí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Thunder. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní bó bá ti gbé ẹsẹ̀ sókè báyìí, adílémú á ti máa wá ọ̀nà tí yóò gbà yẹ̀ ẹ́. Àsọdùn lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a gbà wọ́n gbọ́ tọkàntọkàn.

Ó wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú ọba lọ́dún 1949. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko òyìnbó, síbẹ̀ wọ́n na Marine Crosby ní 5-2 nítòsí Liverpool. Lọ́dún 1955 Balógun padà lọ, ó dara pọ̀ mọ́ Peterborough United, tí kò tíì wọ líìgì ńlá nígbà náà. Lọ́dún 1956 ó bọ́ sí Queens Park Rangers ní ìpele kẹta. Bó ṣe di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13 ló gbá níbẹ̀, góòlù 3 ló jẹ.

Àwọn ọmọ àná máa ń fojú tín-ín-rín wo mẹ́ta yẹn. Ó máa ń dùn mí. Bọ́ọ̀lù aláwọ ni ìgbà yẹn, tó bá ti fa omi òjò tán, ó ti di òkúta. Ẹrọ̀fọ̀ wà, òtútù wà, kò sì sí ará ilé kankan nítòsí. Owó ńkọ́? Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù fi òdiwọ̀n lé owó tí agbábọ́ọ̀lù lè gbà, òdiwọ̀n náà kò sì kúrò títí di 1961. Ẹni tó bá farada ìyẹn kò lọ ṣeré.

Lẹ́yìn náà ó gbá bọ́ọ̀lù fún Holbeach United, ẹgbẹ́ ìlú kékeré kan, kó tó padà wálé wá di akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá. Lọ́dún 1960, ọmọ Nàìjíríà míì, Elkanah Onyeali, náà bá ọ̀nà yẹn lọ sí Tranmere Rovers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ikú mú Balógun lọ lọ́dún 1972, kò sì tíì darúgbó. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè.

Ọmọ àdúgbò wa kan wà lókè òkun báyìí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì kékeré. Àwọn aládùúgbò kì í yé bi ìyá rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọn yóò rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kí màmá náà sọ fún wọn pé Thunder gbá bọ́ọ̀lù ní Holbeach.