Èrè Olùkọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òbí, ó ti di àṣà láti máa wí fún olùkọ́ pé ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà. Àwa tí a ti ń wàásù láti ọdún pípẹ́ kò tíì rí ibi tí Ìwé Mímọ́ ti fi èyí tú agbanisíṣẹ́ sílẹ̀ nínú gbèsè rẹ̀.

Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà (NUT) láti 1931 títí di 1954. Lára ohun tí ẹgbẹ́ náà bá ìjọba amúnisìn fà ni pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú olùkọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wọn kò dọ́gba. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bí tiwa gan-an ni!

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022 sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí 65 ọdún, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ wa ti fẹ̀yìntì ṣáájú rẹ̀. Ní Akobo níbí, a mọ àwọn tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò ju owó oògùn lọ. Bí ẹ̀ka NUT bá tún ké sí ìjọba, ẹ jẹ́ kí orúkọ àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde wà nínú ìwé náà, kí a sì yọ díẹ̀ fún àwọn àgbà wọ̀nyí nínú owó tí a ń dá fún ayẹyẹ yìí.