Òmìnira Lẹ́bàá Ààlà

Lansing ni mò ń gbé, ìlú kékeré kan ní gúúsù Chicago. Bí ẹ bá gba títì Ridge Road lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kúrò ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí ẹ ó sì bọ́ sí Munster ní Indiana. Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí aṣọ́bodè. Òfin nìkan ló yí padà.

Láti ọdún 2020, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 lè ra igbó ní ṣọ́ọ̀bù ní Illinois. Bí ó bá gbé e kọjá sí Munster, ó ti rú òfin. Ṣùgbọ́n ní Indiana, láti ọdún 2022, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lè gbé ìbọn ìléwọ́ káàkiri láìgba ìwé àṣẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó kàn fẹ́ ní ìbọn sílé gbọ́dọ̀ gba káàdì lọ́wọ́ ìjọba. Bángà tí àwọn ènìyàn ń yìn ní ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà pàápàá, Indiana ń tà á, Illinois kò gbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìpínlẹ̀ wo ló ní òmìnira jù?

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń gbé ní Munster, ti ní ìdáhùn tiwọn. Wọ́n ní kí ìjọba yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò àwọn, kí ó jẹ́ kí àwọn sinmi. Èmi a sì bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbàgbé Ìbàdàn ni?" Ní àdúgbò wa, olúkúlùkù ló gbẹ́ kànga rẹ̀, ló ra jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ló sanwó fún ọdẹ tó ń ṣọ́ òru. Kò sí ìjọba tó dí wa lọ́wọ́. Síbẹ̀, n kò lè pe ìyẹn ní òmìnira.

Ìjọba kan náà tí kò rí wa nígbà tí omi kò yọ, ó rí wa kedere nígbà tí a bá sọ̀rọ̀. Òfin kejì tí àwọn ológun ṣe ní ọdún 1984 fún wọn láṣẹ láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 1994, lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé ìdìbò June 12, wọ́n ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Punch, Concord àti Guardian pa. Bàbá mi a máa yí ohùn rédíò wálẹ̀ bí ìròyìn láti òkè òkun bá ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè nípa ìjọba ni pé, ṣé a lè bá a wí, ṣé a lè lé e lọ? Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní January 1955, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Owó orí wà lára ohun tó gbé ètò náà ró, owó orí yẹn sì bí àwọn ènìyàn nínú. Ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ pàdánù ìdìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ní agbègbè tiwọn gan-an! Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Ìjọba gbówó, ó kọ́ ilé ìwé, àwọn ará ìlú fi ìbò sọ ìbínú wọn, kò sì sẹ́ni tó lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ìbò rẹ̀. Ìyá mi sì mọ̀wé kà.

Ní Illinois, òfin ní kí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ìpàdé ní gbangba, kí ará ìlú sì ráyè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èmi a máa lọ sí ti Lansing. Mo fara mọ́ káàdì ìbọn. Ní ti igbó, n kò mu ún, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n torí rẹ̀ ju ọmọ ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n.

Lórí owó orí ilé ṣá, ẹ̀gbọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìwé rẹ̀ ń dé ní Cook County, èmi náà a sì máa kígbe.