Àga tí wọ́n fi dá Àlàájì lọ́lá

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àṣálẹ́ tán ni nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta wọ àgbàlá Àlàájì ní Kakpagyili, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ìlú Tamale, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Gáná. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lóṣòó kí bàbá náà bí àṣà àwọn Dàgómbà, ẹ̀yìn náà ni èyí tó kàwé jù nínú wọn fa ìwé kan yọ. Ọgbà ìgbafẹ́ àwọn ọmọdé ni wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀: ẹṣin onírin tí ń yípo, ọkọ̀ ojú irin kékeré, adágún omi tí àwọn ọmọ yóò ti máa lúwẹ̀ẹ́, àti ibi tí wọn yóò ti máa ta ẹran sísun àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Owó kò tó lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń fẹ́ kí àwọn tó rí jájẹ ládùúgbò bá wọn ra ṣíà níbẹ̀. Ẹni tó bá ra tó iye kan yóò gba káàdì. Bí ó bá ti mú káàdì náà lọ́wọ́, òun àti ìdílé rẹ̀ yóò máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé, yàrá kan yóò sì wà nínú ọgbà náà, tí ẹ̀rọ amúlétutù yóò máa fẹ́ níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ mẹ̀kúnnù kò ní í tẹ̀.

Bí Àlàájì ti gbọ́ káàdì, tó tún gbọ́ yàrá, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. Ó dìde, ó wọlé, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Nígbà tí yóò fi dé, káàdì pélébé kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ó gbé e lé orí ìwé àwọn ọmọ náà.

“Ẹ wo èyí,” ni ó wí fún wọn lédè Haúsá. “Èmi náà ti ní irú rẹ̀ rí.”

Ẹni tó bá rò pé bàbá náà kàn ń fi àwọn ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ta sí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọmọ ilé tí wọ́n fún Àlàájì ní ilẹ̀ tó kọ́lé sí. Tamale ni wọ́n bí Àlàájì sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni nínú ìwé, òfin orílẹ̀-èdè Gáná ti ọdún 1992 kò sì gba àjèjì láyè láti ní ilẹ̀ títí láé. Háyà ni yóò gbà, ọdún 50 ló sì pọ̀ jù tí wọ́n lè kọ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ta ni yóò wá la ojú sílẹ̀ bí ọmọ onílẹ̀ rẹ̀ nínú? Láti inú ilé ìdáná ni ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ojú sọ̀rọ̀ pé kí ó rọra.

Ilẹ̀ Faransé ni Àlàájì ti rí káàdì tirẹ̀. Ọdún 1983 ló dé Páríìsì, ọdún tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Gáná bí àwọn ará Gáná ti lé àwọn Yorùbá ṣáájú, iṣẹ́ ìmọ́tótó ọ́fíìsì ló sì ń ṣe níbẹ̀. Ní ìlà-oòrùn ìlú náà, ní Marne-la-Vallée, ni ilé-iṣẹ́ Disney ti Amẹ́ríkà ti ṣí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 1992. Kí ọgbà náà tó ṣí, ní 1989, ni wọ́n ti gbé ṣíà rẹ̀ lọ sí ọjà, tí wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fáráǹkì 72. Ìdá 51 nínú 100 bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù, Disney mú 49.

Ẹni tó bá mọ ìṣirò nìkan yóò sọ pé àwọn ará Yúróòpù ló ni ọgbà náà, nítorí 51 ju 49 lọ. Ìṣirò yẹn tọ̀nà, àmọ́ kì í ṣe òun ni òfin. Irú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi í ṣe nínú òfin Faransé yọ olùdarí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ní ṣíà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, tó jẹ́ ti Disney fúnra rẹ̀, ló ń darí, àwọn onípìn-ín kò sì lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ bó ti wù wọ́n. Disney tún ń gba owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀, orí owó tó bá wọlé ni wọ́n sì ti ń gé e, kì í ṣe orí èrè. Nínú ọdún ìṣúná tó parí ní oṣù Kẹsàn-án 1993, àdánù ilé-iṣẹ́ náà lé ní bílíọ̀nù 5 fáráǹkì. Ní 1994, àwọn báńkì ní láti dá sí i, ọmọ ọba Saudi kan, Alwaleed bin Talal, sì kó owó wá.

Kí ni wọ́n wá fi ń tu àwọn onípìn-ín kéékèèké nínú? Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ní ṣíà tó iye tí wọ́n là sílẹ̀ yóò gba káàdì, wọn yóò máa dín owó kù fún un ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ní ṣọ́ọ̀bù, yóò sì láǹfààní láti wọ yàrá kan tí wọ́n ń pè ní Salon Mickey, ní gbàgede àkọ́kọ́ tí èèyàn yóò bọ́ sí bó bá ti wọ ọgbà náà.

Ọdún 2009 ni Àlàájì ra ọgọ́rùn-ún ṣíà. Kì í ṣe èrè ló ń wá, yàrá yẹn ló wù ú. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ síbẹ̀, òjò ń kùn, àwọn èrò tò sí ìta bí ìjàlọ. Ó fi káàdì hàn, obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pè é ní ọ̀gá, ó sì fi àga onítìmùtìmù hàn wọ́n. Kọ́fí wà, tíì wà, omi èso wà, ẹnikẹ́ni kò béèrè owó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbá ilẹ̀ fún àwọn tí kì í gbójú sókè kí i, ó wá jókòó lórí àga, òyìnbó ń gbé ife wá fún un. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wo yàrá náà yíká.

“Bàbá mi, ṣé àwa la ni ibí ni?”

“A ní díẹ̀ níbẹ̀.”

Ó fi ìgbéraga díẹ̀ sọ ọ́. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Disney ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín ilé-iṣẹ́ ọmọ ọba Saudi náà, tí tirẹ̀ fi lé ní ìdá 85 nínú 100. Ó ní òun yóò ra ti àwọn tó kù ní yúrò méjì fún ṣíà kan. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà, ó ti kọjá ìdá 95 tí òfin Faransé ìgbà náà béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi dandan ra ti àwọn tí kò fẹ́ tà. Lẹ́tà kan ló dé ọ̀dọ̀ Àlàájì. Wọn kò béèrè bóyá ó fẹ́ tà. Igba yúrò wọ àpò rẹ̀ ní báńkì, bí ìdajì ohun tó ná. Tirẹ̀ tilẹ̀ sàn. Ẹni tó ra ọgọ́rùn-ún ṣíà ní 1989 san fáráǹkì 7,200, èyí tó tó nǹkan bí yúrò 1,100. Ní 2007, wọ́n pa ṣíà ọgọ́rùn-ún pọ̀ di ẹyọ kan. Ní 2017, yúrò méjì péré ni wọ́n san lórí ẹyọ kan ọ̀hún. Ẹgbẹ́ onípìn-ín kò sì lè wà mọ́ níbi tí kò sí onípìn-ín.

Irú rẹ̀ kò jìnnà sí ilé. Ẹ̀gbọ́n Àlàájì tó wà ní Ìbàdàn kì í jẹ́ kí ìpàdé ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ṣíà sí kọjá òun. Ní àwọn ìpàdé bẹ́ẹ̀, àwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn ti bímọ a máa tì ara wọn lulẹ̀ nítorí àpò tí wọ́n tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí, agbòjò àti oúnjẹ inú ike, nígbà tí ẹni tó ń ka ìwé ìṣirò owó ń dá nìkan sọ̀rọ̀ lórí pèpéle. Ìtìjú ni, kí á sọ òótọ́. Nígbà tí ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Afribank, Spring Bank àti Bank PHB ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó gbé báńkì tuntun dípò wọn, ṣíà tó wà lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín àtijọ́ di bébà. Agbòjò ṣì wà nílé ẹ̀gbọ́n Àlàájì dòní.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe báńkì ni lẹ́tà Faransé rán Àlàájì létí. Bàbá rẹ̀ ló rán an létí.

Ọmọ Ìgbòho ni bàbá rẹ̀. Bí àwọn ará Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà ti ṣe, òun náà rìn dé àríwá Gáná nígbà òwò, ó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní Tamale, ìyàwó rẹ̀ ní ìsọ̀ aṣọ lọ́jà. Ó kọ́lé. Ó ń dá owó sí gbogbo ohun tí àdúgbò bá ń dá owó sí. Ní Dàgbọ́n, orí awọ ẹran ni àwọn ọba ń jókòó, ọba sì lè gun awọ kan dé òmíràn, àmọ́ àlejò kì í gun awọ. Àga ni wọ́n máa ń gbé fún bàbá Àlàájì nígbà ọdún Damba, lábẹ́ àtíbàbà, níwájú, níbi tí oòrùn kò ti pa á. Ọmọdé ni Àlàájì, ìdí àga náà ni í máa dúró sí. Lójú rẹ̀ nígbà náà, kò sí ẹni tó ni Tamale bí bàbá òun.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde ní Gáná láàárín ọjọ́ 14. Ìṣirò ọjọ́ mẹ́rìnlá, ta ló lè ta ilé lówó gidi nínú rẹ̀? Àwọn tó ń rà mọ̀ pé ẹni tó ń tà kò lè dúró. Wọ́n dárúkọ iye kan tí kò tó owó páànù orí ilé náà, bàbá sì gbà á. Aládùúgbò tó rà á kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó sunkún, ó bá wọn di ẹrù, ó tún fi adìyẹ sí i fún ìrìn àjò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Àlàájì nígbà tí ọkọ̀ ẹrù gbé wọn gba Tógò àti Dàhòmì wá sí Ìgbòho, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní ọmọ Gáná.

Bí bàbá kò bá tilẹ̀ tà á, òfin ti ń dúró dè é. Ìwé òfin Gáná sọ pé ilẹ̀ èyíkéyìí tí àjèjì bá ní pátápátá ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ọdún 1969 ti di háyà ọdún 50 láti ọjọ́ yẹn. Ọdún 50 náà pé ní 2019. Ọdún náà gan-an ni Àlàájì padà sí Tamale, tí wọ́n fún un nílẹ̀ ní Kakpagyili. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní Faransé bi í léèrè ohun tó ń wá lọ síbẹ̀. Ó ní ilé ni òun ń lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ó parí ìtàn káàdì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi àwọn ọmọ náà: “Bí mo bá ra á, ta ló lè gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí n kò fẹ́ tà?”

Wọ́n wo ojú ara wọn. Wọ́n ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ojú ewé kan odindi wà lórí yàrá amúlétutù, pẹ̀lú irú aṣọ tí wọn yóò fi bo àwọn àga, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan lórí èyí tí bàbá béèrè. Àlàájì ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n lọ kọ ọ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ẹni tí yóò máa yẹ ìwé owó wò lọ́dọọdún. Ọmọ onílẹ̀ ní àwọn rò pé bàbá fọkàn tán àwọn. Kò jókòó mu omi tí wọ́n gbé wá.

“Àlàájì, ẹ bá fún wọn ní díẹ̀,” ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tí wọ́n lọ tán. “Àwa náà ń gbé lórí ilẹ̀ wọn.”

“Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn.”

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí ẹni tó yà sí wọn láti ilé onílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kẹta, ọmọ náà nìkan ló dá wá. Ó lóṣòó, ó kí wọn, ó sì na ìwé náà. Yàrá náà ṣì wà lójú ewé àkọ́kọ́. Nísàlẹ̀ ojú ewé kẹta, wọ́n ti fi bírò kọ ìlà mẹ́rin kún un, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbuwọ́lù. Àlàájì ní kí ìyàwó òun bá òun mú awò ojú wá.