Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ṣ

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Benin á mọ Òrè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń dúró kí èrò jẹun, kí wọ́n sì na ẹsẹ̀. Láyé ogun abẹ́lé, ní ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra dé Òrè, ìjà náà sì gbóná débi pé ó di àṣà ẹnu: “Ó le kú, ìjà Òrè!” Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń gbé Òrè lónìí ò bá ìjà yẹn láyé. Ṣùgbọ́n a ti wọ báńkì tó fi ẹ̀rọ rọ́pò èèyàn, a sì mọ ohun tí ojú wa rí.

Màmá kan wà ní àdúgbò wa, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ní oko kòkó lọ́nà Odigbó. Owó kòkó wọn ti wọ báńkì, àwọn lébìrà tó bá wọn ṣán oko sì ń retí owó iṣẹ́. Ẹ rántí pé CBN ti pàṣẹ pé láti oṣù kẹta ọdún 2024, kí báńkì ti àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN. Màmá ní méjèèjì, nọ́ńbà mọ́kànlá mọ́kànlá, tí ọmọ-ọmọ wọn kọ sẹ́yìn káàdì ìjọ. Síbẹ̀, báńkì ti àkáǹtì wọn. Ni àwa mẹ́ta bá sìn wọ́n lọ.

Ilẹ̀kùn la kọ́kọ́ bá jà. Ẹ mọ ilẹ̀kùn báńkì, èyí tó dà bí àpótí dígí, tí í gbé èèyàn mì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Màmá wọ inú rẹ̀, ohùn obìnrin kan sì sọ̀rọ̀ lókè lédè Òyìnbó. Màmá ní, “Káàárọ̀ o, ọmọ mi.” Ohùn náà tún ohun kan náà sọ. Màmá ní, “Mo kí ọ, o ò dáhùn?” Àṣé agolo áásáà tó wà nídìí ìró wọn ni ilẹ̀kùn rí. Ìgbà tí sikiọ́ríì gba agolo náà ni dígí tó ṣí.

Nínú ilé, ẹ̀rọ ló ń pín nọ́ńbà. Ó ní ká yan ohun tí a wá ṣe: ká fowó pamọ́, ká gbowó, ká gba káàdì tuntun. “Ẹ ti owó mi mọ́lé” kò sí níbẹ̀. A tẹ èyí tó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ọmọbìnrin tó pè wá ní ọ̀rọ̀ tábìlì òun kọ́ nìyẹn, ká pe nọ́ńbà kan lórí fóònù. A pè é níwájú rẹ̀. Ẹ tẹ ení fún Òyìnbó, ẹ tẹ èjì fún Yorùbá. A tẹ èjì. Yorùbá náà kí wa dáadáa, ó wá gbé orin sí wa létí títí owó ìpè fi tán.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ Màmá. Ṣ wà nínú orúkọ wọn. Ẹni tó ṣe BVN wọn kọ ọ́ ní “Sh”. Ẹni tó ṣe NIN wọn kọ “S” lásán. Kọ̀ǹpútà wò ó, ó ní èèyàn méjì ni wọ́n. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Yorùbá lòun náà, ṣ wà nínú orúkọ tirẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, sístẹ́mù ò gbà.”

Màmá ní, “Pè é wá, kí n bá a sọ̀rọ̀.”

Ó ní kí Màmá fi ìka tẹ ẹ̀rọ. Àdá àti èèpo kòkó ti fá ìka yẹn dán láti bí àádọ́ta ọdún. Ẹ̀rọ ò rí ìlà kankan. Ó wá ku kóòtù: kí Màmá lọ sanwó, kí wọ́n búra pé àwọn ni àwọn.

A ò sọ pé ẹ̀rọ ò dára o. Nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ti sanwó gàrí. Kọ̀ǹpútà gan-an kọ́ ló ṣẹ̀. Láti ọdún 1875 ni àwọn àgbà ti jókòó ní Èkó, tí wọ́n fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Unicode, tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà, sì ti ní ṣ láti ọdún 1993. Kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ ọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn báńkì mọ iyì orúkọ. Ní ọdún 2018, UBA, tí kì í ṣe báńkì tí à ń sọ yìí, sọ ẹ̀rọ tó ń fèsì fún oníbàárà rẹ̀ ní Leo. Ẹ̀rọ ti ń jẹ́ orúkọ èèyàn, èèyàn wá ń lọ sí kóòtù nítorí orúkọ tirẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá ni àkáǹtì Màmá ṣí. Àwọn lébìrà méjì ti bínú lọ sí oko ẹlòmíràn, igbó sì ti ń padà sídìí kòkó.

Ohun tí à ń fẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n fi ṣ sínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba orúkọ wa. Kí wọ́n sì fún ọmọ tó jókòó nídìí tábìlì láṣẹ láti fọwọ́ sí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ká wo kọ̀ǹpútà.