Ojú Màmá Nínú Òkùnkùn
Ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ìyá àgbà mi re ibi àgbà ń rè nígbà tí mo fi kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi yà á ní fọ́tò níwájú ilé wa ní Òwu, ní Abẹ́òkúta. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ó ró, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn wà. Ojú ọ̀run funfun báláú. Ojú Màmá dúdú bí inú ìkòkò aró.

Nígbà tí a ń wá èyí tí a ó gbé sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú, kò sí òmíràn tí ó ti rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti tan ìmọ́lẹ̀ sí JPEG tó wà lórí fóònù mi. Àbàwọ́n aláwọ̀ eérú ni mo rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọbẹ̀ tó ti jinná lo fẹ́ yọ iyọ̀ inú rẹ̀ yẹn. Fáìlì méjì ni kámẹ́rà tọ́jú. Jẹ́ ká ṣí raw.”

JPEG, tó di ìlànà àgbáyé ní 1992, ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 péré ni ó ń ní fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì máa ju ohun tí ojú kò ní tètè ṣàárò nù kí fáìlì lè kéré. Ó dà bí ẹni kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i: ta ni yóò mọ̀ bóyá igbá ni tàbí ìgbà? GIF ti 1987 tilẹ̀ há ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọ̀ 256 fún odidi àwòrán. Raw kò tíì di àwòrán rárá. Iye ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà gbà gan-an ni. Kọ̀ǹpútà ni yóò ṣírò àwọ̀ rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ní ìpele 16,384.

Ó fa òkùnkùn náà sókè díẹ̀díẹ̀. Èjí Màmá ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ẹyin ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ọnà ara àdìrẹ. Ojú ọ̀run kò padà. Ìmọ́lẹ̀ tó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, raw pàápàá kò lè mú un bọ̀.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. GIF àtijọ́ ń ṣí lórí fóònù gbogbo, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló ní raw tirẹ̀. DNG tí Adobe gbé jáde ní 2004 kí ó lè jẹ́ ti gbogbogbòò, gbogbo wọn kọ́ ló gbà á. A tọ́jú raw, a sì ṣe ẹ̀dà TIFF, tó ti wà láti 1986, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ìyá mi kò béèrè ìkankan nínú èyí. Ó fi ìka kan èjí Màmá, ó ní, “Ṣe èyí tó tóbi jù báyìí fún mi.”